Olè Inú Fíìmù, Ọmọ Agboolé Jagun

Agboolé Jagun,
Ìwó.
4 Oṣù Bélú, 2024.

Abdulmajeed,

Mo kí ọ, nítorí pé ìkíni jẹ́ dandan fún Mùsùlùmí. Kì í ṣe pé inú mi dùn sí ọ. Ìyá rẹ ń bẹ, ara rẹ̀ sì le díẹ̀. Lateefat àbúrò rẹ ni yóò ya fọ́tò lẹ́tà yìí tí yóò fi ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ. O mọ̀ pé èmi kì í sọ ọ̀rọ̀ tó bá nípọn lórí fóònù. Gbogbo ọjọ́ ayé mi ni mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ níwèé, ọ̀rọ̀ tí mo bá fẹ́ kó dúró, orí ìwé ni mo máa ń gbé e lé.

Májíìdì, kí ni mo fi ṣe ọ́?

Ní ọjọ́ Jímọ̀ tó kọjá, bí a ṣe kírun tán, Alhaji Salahudeen fà mí lọ́wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Òun ni bàbá Alameen, ọmọkùnrin ará Ẹdẹ tó fẹ́ fẹ́ Lateefat. Ó ní òun kàn ní kí òun wá bá wa kírun ni. Irọ́ ni. Ó fa fóònù yọ, ó ní, "Alhaji, ẹ bá mi wo nǹkan yìí." Mo wò ó, ìwọ ni mo rí. O ru ẹ̀rọ ìránṣọ sórí, ò ń sá lọ láàárín àwọn ilé onípáànù, àwọn obìnrin ń lé ọ bọ̀, wọ́n ń pariwo olè. Ṣòkòtò rẹ ya nídìí. Ká tó ṣẹ́jú, o ti wà níwájú adájọ́. Adájọ́ bi ọ́ pé ọmọ ta ni ọ́. Ìwọ ọmọ yìí, o la ẹnu rẹ, o ní: "Ọmọ Alhaji Ràsákì Ọdúnlámì ni mí, agboolé Jagun, ní Ìwó."

O ò tilẹ̀ gbàgbé Alhaji tó wà níwájú orúkọ mi.

Alhaji Salahudeen ti fóònù rẹ̀ bọ àpò, ó rọra ní, "Ìwádìí la ṣì ń ṣe, Alhaji." O mọ ohun tí ìwádìí ń jẹ́. Kí wọ́n tó so yìgì, ẹbí ọkọ á béèrè: ṣé kò sí wèrè nílé wọn? Ṣé kò sí adẹ́tẹ̀? Ṣé kò sí olè? Ti ẹ̀tẹ̀, a yege. Ti wèrè, a yege, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n pẹ́ díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ Tìjání àbúrò mi tó máa ń bá ewúrẹ́ rẹ̀ ṣàríyànjiyàn. Ti olè ló kù. Ìwọ lo wá fi ẹnu ara rẹ dáhùn rẹ̀ láti Kánádà.

Wọn ò mọ̀ ọ́ lójú. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n wádìí. Ṣùgbọ́n bí ìgbéyàwó yìí bá dàrú, Lateefat ò ní gbádùn mọ́. Alameen nìkan lọmọ náà ti ń wò láti ìgbà tí wọ́n ti jọ wà ní yunifásítì.

Dá mi lóhùn kíá. Kí ló dé tí o fi jalè? Ẹ̀rọ ìránṣọ ta sì ni? Bó bá ṣì wà lọ́wọ́ rẹ, dá a padà lónìí.

Èmi ni bàbá rẹ, títí di ìsinsìnyí,
Ràsákì Ọdúnlámì.


Brampton.
6 Oṣù Bélú, 2024.

Bàbá mi,

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Mo kí Màámi, mo kí Lateefat. Ẹ kú ìdààmú. Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ẹ tó ka ìyókù, ẹ jókòó, ẹ mu omi díẹ̀.

Fíìmù ni. N ò jalè.

Ṣé ẹ rántí pé mo sọ pé iṣẹ́ dín kù níbi ilé ìkẹ́rùsí tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Bolton, lẹ́bàá Brampton níbí, ní winter tó kọjá? Shift mi ò tó nǹkan mọ́ rárá. Ọ̀rẹ́ kan wá mú mi lọ sọ́dọ̀ arábìnrin kan tó ń jẹ́ Àmírà. South Africa ni ìyá rẹ̀ ti wá. Ó ń ṣe fíìmù nípa àdúgbò àwọn tálákà lẹ́bàá Johannesburg níbẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní township, ó sì ń wá ẹni tó mọ eré sá tó sì rù. Ó wò mí látòkè délẹ̀, ó ní ojú mi jọ ojú ẹni tí ebi ń pa. Bàbá, n ò tíì jẹun lọ́jọ́ náà lóòótọ́.

Inú pápá kan lẹ́yìn Bolton ni wọ́n kọ́ àwọn ilé onípáànù yẹn sí. Yìnyín bo gbogbo ilẹ̀. Wọ́n fi ṣọ́bìrì kó o kúrò, wọ́n da yẹ̀pẹ̀ pupa síbẹ̀. Wọ́n ní nínú ìtàn, oòrùn ló ń ràn, nítorí náà síńgílẹ́ẹ̀tì ni ká wọ̀. Bí a bá la ẹnu báyìí, èéfín á máa tú jáde bí ọkọ̀ tó ń jó ọ́ìlì. Àmírà wá ní ká máa mu omi dídì sẹ́nu ká tó sọ̀rọ̀, kí inú ẹnu wa lè tutù, kí èéfín má baà hàn. Mo wà nínú òtútù tó ń pa ẹja, síńgílẹ́ẹ̀tì lọ́rùn, áísì lẹ́nu, mò ń fi ọwọ́ nu òógùn tí kò sí.

Ọ̀rọ̀ adájọ́ ló burú. Ohun tí wọ́n kọ fún mi láti sọ ni pé n ò ní bàbá. Ṣùgbọ́n baba àgbàlagbà ni wọ́n fi ṣe adájọ́ yẹn, irùngbọ̀n rẹ̀ funfun, ó jọ Ìmáàmù àgbà ilé wa bí ìbejì. Ó wò mí, ó bi mí pé ọmọ ta ni mí. Sà, ẹ̀yin lẹ kọ́ wa. Bí àgbà bá bi ọ́ léèrè pé ọmọ ta ni ọ́, orúkọ bàbá àti ti agboolé ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jáde, kí a tó wá rí àlàyé ṣe. N ò tíì mọ ohun tí mò ń sọ tí ó fi jáde. Díẹ̀ ló kù kí n dọ̀bálẹ̀ fún un nínú kóòtù. Àmírà pàtẹ́wọ́, ó ní kí wọ́n má yọ ọ́, pé òtítọ́ wà níbẹ̀.

Ìyá àgbà Àmírà ló ni ẹ̀rọ ìránṣọ. Wọ́n ti gbé e padà fún wọn. Àlàáfíà ni ó wà.

Páànù Pupa ni wọ́n pe fíìmù náà. Ìtàn rẹ̀ ni pé ọmọkùnrin kan jí ẹ̀rọ tí opó kan fi ń jẹun. Wọ́n mú un, ìyá rẹ̀ sì sẹ́ ẹ ní kóòtù nítorí ìtìjú. Nígbà tó ti ẹ̀wọ̀n dé, ó ronúpìwàdà. Auntie Fatimoh kan tó ń gbé Port Credit ló ṣe ìyá mi níbẹ̀. Wọ́n ti kúrò ní Nàìjíríà láti ìgbà ìjọba ológun, ilé ni wọ́n ń bá àwọn èèyàn tà.

Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi ṣàlàyé fún wọn ní Ẹdẹ. Ẹ sọ fún Lateefat pé kó má bínú.

Ọmọ yín,
Májíìdì.


Agboolé Jagun,
Ìwó.
15 Oṣù Bélú, 2024.

Abdulmajeed,

Mo kí ọ. Mo gbọ́ àlàyé rẹ. Èmi náà mọ ohun tó ń jẹ́ fíìmù, má fi mí ṣe ará oko.

Èmi àti Mọ́gàjí agboolé wa, Bàbá Abdulrasheed, la jọ lọ sí Ẹdẹ. A sọ fún wọn pé fíìmù ni. A ò sọ pé ọmọ wa ni ó wà níbẹ̀, a ò sì sọ pé kì í ṣe ọmọ wa. Mọ́gàjí ní ká máa rìn lágbedeméjì títí a ó fi mọ ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí. Wọ́n gbọ́ wa tán, wọ́n fún wa ní omi. Àfi bí Alhaja Mọ̀nsúrát, ìyá Alameen, ṣe gbé fóònù tirẹ̀ jáde. Ó ní, "Kó jẹ́ fíìmù, kó má jẹ́ fíìmù, ẹ bá mi wo bó ṣe fo ọgbà yìí." Ó tún un ṣí fún wa lẹ́ẹ̀mẹ́ta. O ru ẹ̀rọ ìránṣọ sórí, o ò fọwọ́ dì í mú, o sì fo ọgbà tó ga ju àyà ọkùnrin lọ. Ó ní, "Ẹsẹ̀ yìí, ẹsẹ̀ tó ti fo ọgbà rí ni. Ẹni tí kò jalè rí ò lè mọ̀ ọ́n ṣe tó báyìí."

Nígbà tí à ń bọ̀ nínú ọkọ̀, Mọ́gàjí alára bi mí pé, "Ràsákì, níbo ló ti kọ́ ọ?" Èmi náà fẹ́ mọ̀. Ṣé ní Bolton ni wọ́n ti kọ́ ọ ni?

Ìyá rẹ ò tilẹ̀ bá ti olè lọ. Ó ní òun lè dárí ji olè. Ó ní ta ni obìnrin tí o wólẹ̀ síwájú rẹ̀ tí ò ń pè ní Màámi? Obìnrin tó kun èékánná! Ó ní òun lóun lóyún rẹ, òun lóun fi ọmú bọ́ ọ, ẹlòmíràn wá ń gba ẹkún rẹ ní Kánádà. Láti ọjọ́ Ajé ni kò ti bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ nínú ilé yìí, èmi pàápàá, bí ẹni pé èmi ni mo fi obìnrin náà ṣe ìyá rẹ.

Àwọn àgbà agboolé ti ṣèpàdé. Wọ́n ní jagunjagun ni Jagun, kì í ṣe gbéwiri. Sọ fún Àmírà yẹn kó yọ orúkọ wa kúrò. Bí kò bá sì lè ṣe é kí ó má dárúkọ ìlú, kó pe Mọ́gàjí lórí fóònù, òun á dá ìlú bíi mélòó kan lábàá fún un.

Yára, ojú Lateefat ti wọnú.

Bàbá rẹ.


Brampton.
2 Oṣù Ọ̀pẹ, 2024.

Bàbá mi,

Mo dọ̀bálẹ̀ sà. Ẹ má bínú pé mo pẹ́ kí n tó fèsì. Shift alẹ́ ni wọ́n gbé mi sí, tí mo bá sì délé, ojú mi ti ń ṣú.

Mo rí Àmírà. Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún un: yìgì, ìwádìí, ẹ̀tẹ̀, wèrè, olè. Mo tiẹ̀ sọ ti ewúrẹ́ Bàbá Tìjání. Ó bú sẹ́kún. Mo rò pé àánú ni, àfi bó ṣe di ọwọ́ mi mú, tó ní ṣé òun lè gbé kámẹ́rà wá sí Ìwó, pé èyí gan-an ni fíìmù òun kejì. Mo ní ó tì o. Ó ní fíìmù ti parí, wọ́n ti ń gbé e káàkiri, òun ò lè yọ nǹkan kan. Ó tún ní bí mo ṣe dárúkọ yín yẹn, òun ni gbogbo èèyàn fẹ́ràn jù. Bàbá, ẹ ti lókìkí ní Toronto.

Èmi náà ò sinmi níbí. Nígbà tí mo dé mọ́sálásí wa ní Brampton ní Jímọ̀ tó kọjá, àwọn èèyàn kí mi dáadáa, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ká máa rí i. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bọ́ bàtà mi sẹ́nu ọ̀nà, mo rí i pé bàtà tèmi nìkan ló wà níbẹ̀. Gbogbo wọn ti gbé tiwọn wọlé. Ìmáàmù ń wáàsù lórí ìdáríjì, bàtà tirẹ̀ wà lábíyá.

Níbi iṣẹ́ ńkọ́? David ọ̀gá wa ní kí n má bínú, kí n ṣí báàgì mi. Abọ́ ìrẹsì àti ṣíbí ló bá níbẹ̀. Ó wo ṣíbí náà títí, ó bi mí pé ṣíbí ta ni.

Ẹ bá mi bẹ Màámi. Ẹ sọ fún wọn pé Auntie Fatimoh ní kí n kí wọn, pé bí mo ṣe sunkún yẹn, ó hàn pé ọwọ́ ìyá tó mọ ọmọ tọ́ ni mo ti dàgbà. Èékánná yẹn kì í ṣe tara wọn, lílẹ̀ ni wọ́n lẹ̀ ẹ́. Ní ti ọgbà fífò, ẹ bi Lateefat. Òun ló máa ń tilẹ̀kùn mọ́ mi síta nígbà tí a wà lọ́mọdé.

Sà, ẹ ò ṣe jẹ́ kí àwọn àna wa wo fíìmù náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin? Ibi olè, ibi kóòtù àti ibi ẹkún nìkan ni wọ́n gé sórí fóònù. Bí wọ́n bá rí ibi tí mo ti ronúpìwàdà, ojú wọn á wálẹ̀. Mo ti fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí Lateefat.

Ọmọ yín,
Májíìdì.


Agboolé Jagun,
Ìwó.
20 Oṣù Ọ̀pẹ, 2024.

Abdulmajeed,

N ò ní lọ́ ọ̀rọ̀.

Alhaji Salahudeen ti gbà láti wo fíìmù náà. Ṣùgbọ́n ó ní pálọ̀ wa ni òun ti máa wò ó, tòun ti ẹbí òun, ní ọjọ́ Sátidé kejì ọdún tuntun. Ó ní tí a bá ti wò ó tán, ìbéèrè kan ṣoṣo ni òun ní láti bi mí lójú gbogbo ẹbí: ṣé ọmọ yín nìyí, àbí kì í ṣe ọmọ yín? Ó ní èsì tí mo bá fọ̀ ni òun máa mú lọ sílé, lẹ́yìn ìyẹn ni òun máa sọ bóyá yìgì wà tàbí kò sí.

Àwọn àgbà ti jókòó lórí rẹ̀. Wọ́n ní kí n sọ pé kì í ṣe ọmọ mi. Ọdúnlámì pọ̀ láyé. Mọ́gàjí ní ẹnu mi nìkan ò tó, ó yẹ kí ẹ̀rí wà lọ́wọ́ mi. Nítorí náà, a fẹ́ kí o kọ lẹ́tà kan sí mi bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí. Kọ ọ́ pé ìwọ lo ṣe olè nínú fíìmù, pé o gbọ́ pé orúkọ tí o dá ti kó bá ẹnì kan tó ń jẹ́ Ràsákì Ọdúnlámì, àti pé ìwọ kì í ṣe ọmọ rẹ̀. Kọ ọ́ ní Yorùbá tó dán mọ́rán. Fi àmì ohùn sí i, kí wọ́n má baà rò pé púrúǹtù ló kọ ọ́.

Mo mọ̀ pé á dùn ọ́. Ó dun èmi náà. Ọ̀rọ̀ Lateefat ló ká mi lára. Ẹkún ló ń sun bó ṣe fẹ́ ya fọ́tò lẹ́tà yìí. Bí o bá rí i pé ó gbọ̀n, ọwọ́ rẹ̀ ni.

Bàbá rẹ.

Brother mi, Lateefat ni o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ ọ́. Bí Alameen bá máa lọ, kó máa lọ.


Brampton.
7 Oṣù Ṣẹ́rẹ́, 2025.

Sí Alhaji Ràsákì Ọdúnlámì, tí n kò mọ̀ rí,

Ẹ kú ilé o, sà. N kò dọ̀bálẹ̀, nítorí pé n kò mọ̀ yín. Mo kàn tẹ̀ba díẹ̀, bí èèyàn ṣe ń tẹ̀ba fún àgbàlagbà tó bá bá pàdé lójú títì.

Èmi ni mo ṣe olè nínú fíìmù Páànù Pupa. Mo gbọ́ pé ẹ ní ọmọkùnrin kan ní Kánádà. Èmi kọ́. Orúkọ wa ló kàn jọra. Orúkọ bàbá wa náà jọra. Agboolé wa jọra. Ìwó tí mo dárúkọ, Ìwó mìíràn ni.

N kò dé ilé yín rí. N kò mọ igi máńgòrò tó wà lẹ́yìn ilé ìdáná yín, n kò sì já bọ́ láti orí rẹ̀ rí. Ẹ̀yin kọ́ lẹ pọ̀n mí bí obìnrin lọ sí ọsibítù nínú òjò, nítorí pé kò sí ọkọ̀. Bàtà yín kan kò já sójú ọ̀nà lọ́jọ́ náà, ẹ kò sì fi ẹsẹ̀ kan lásán rìn débẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ yín, báwo ni yóò ṣe mọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀?

Ẹ bá mi kí ìyàwó yín, tí n kò mọ̀. Ẹ ní kí wọ́n má dẹ́kun oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn, kí wọ́n sì yé bu iyọ̀ sẹ́wà nígbà tí wọ́n bá rò pé ẹnikẹ́ni ò rí wọn. Ẹ sọ fún ọmọbìnrin yín, tí n kò mọ̀, pé kí Ọlọ́run jẹ́ kí ilé ọkọ rẹ̀ tù ú lára. Bí mo bá mọ̀ ọ́n ni, ǹ bá wá síbi yìgì rẹ̀, ṣùgbọ́n a kì í lọ síbi yìgì ẹni tí a kò mọ̀.

Òtútù mú gan-an níbí. Ìyẹn náà ò kàn yín.

Mo ti fi àmì ohùn sí i bí ẹ ṣe wí.

Ẹni tí kì í ṣe ọmọ yín,
Abdulmajeed Ọdúnlámì.


Agboolé Jagun,
Ìwó.
12 Oṣù Ṣẹ́rẹ́, 2025.

Májíìdì, ọmọ mi,

Wọ́n ti wá, wọ́n ti lọ. Jẹ́ kí n rò ó fún ọ bó ṣe rí, nítorí Mọ́gàjí ti ń kiri ìlú báyìí pé òun lòun yanjú ẹ̀.

Bọ́ọ̀sì ni wọ́n gbé wá láti Ẹdẹ. Pálọ̀ kún, a kó àga ilé kéú wọlé, síbẹ̀ orí ẹní ni àwọn kan jókòó sí. Lateefat so fóònù rẹ̀ mọ́ tẹlifíṣàn. Lẹ́tà rẹ, tí a ti tẹ̀ jáde láti orí fóònù, wà ní àpò àyà mi. N ò tíì kà á tán. Mo kà á dé ibi àgbàlagbà ojú títì, mo ká a padà. Mọ́gàjí ti kọ́ mi bí n ó ṣe ṣe é: bí wọ́n bá béèrè, kí n wọ awò ojú, kí n kọ́kọ́ wúkọ́, kí n tó kà á sókè.

Fíìmù bẹ̀rẹ̀. Bí o ṣe gbé ẹ̀rọ opó náà, Alhaja Mọ̀nsúrát pòṣé. Mọ́gàjí yára pòṣé tirẹ̀, ó le ju ti Alhaja lọ, kí wọ́n lè rí i pé òun ò mọ̀ ọ́. Bó ṣe di ìdíje nìyẹn. Wọ́n bá ní "Olè!", àwọn tiwa á ní "Olè burúkú!" Wọ́n bá ní kí Ọlọ́run mú ọ, Tìjání á ní kó mú ọ tọwọ́ tẹsẹ̀. Ìyá rẹ nìkan ni kò ṣépè fún ọ. Obìnrin eléèékánná yẹn ló dojú tirẹ̀ kọ.

Ó wá kan kóòtù. O dárúkọ mi. Gbogbo ojú yí sí mi. Mo gbójú sókè, mò ń wo fáànù, kò sì sí iná tó lè mú fáànù yí. Tẹlifíṣàn nìkan ni jẹnẹrétọ̀ wa lè gbé.

Adájọ́ wá yíjú sí obìnrin náà. Ó ní, "Ìyá, ṣé ọmọ yín nìyí?" Obìnrin náà wò ọ́. Ó ní òun ò mọ̀ ọ́ rí.

Májíìdì, o kàn wò ó. Ètè rẹ ń gbọ̀n. Alhaja Mọ̀nsúrát ní, "Ọmọ yìí mọ eré ṣe o!" Gbogbo wọn rò pé eré ni. Èmi mọ̀ pé òtútù ló ń mú ọ. O wà nínú yìnyín pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì, áísì wà lẹ́nu rẹ, kò sì sí ẹnì kankan níbẹ̀ tó máa sọ pé ọmọ òun ni ọ́.

N ò mọ ìgbà tí mo dìde. Mo gbọ́ tí ẹnìkan pariwo, "Irọ́ ni!" Èmi ni. Mo nàka sí tẹlifíṣàn. Mo ní, "Olúwa mi adájọ́, irọ́ lobìnrin yìí ń pa! Ọmọ mi ni! Èmi ni Ràsákì Ọdúnlámì tó dárúkọ yẹn, agboolé Jagun, ní Ìwó! Ẹ fún un láṣọ!" Mọ́gàjí ń fa agbádá mi, mo gbọn ọwọ́ rẹ̀ dànù. Adájọ́ ò dá mi lóhùn. Ó rán ọ lẹ́wọ̀n lójú mi.

Mo wá kọjú sí Alhaji Salahudeen. Mo ní, "Ẹ ò ì tíì bi mí, ṣùgbọ́n mo ti dáhùn. Kó jẹ́ olè, kó má jẹ́ olè, ọmọ mi ni. Bí ẹ bá fẹ́ mú ọmọ yín padà sí Ẹdẹ, ilẹ̀kùn ò tì." Mo rí Lateefat lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, mo sọ fún ara mi pé mo ti ba ayé ọmọ yìí jẹ́. Àfi bó ṣe wá dúró tì mí, tó di apá agbádá mi mú.

Alhaji Salahudeen na ọrùn sọ́tùn-ún, ó nà án sósì. Ó ní, "Alhaji, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kúrò níwájú tẹlifíṣàn. A ò rí ibi tọ́rọ̀ ọmọ yín dé."

Mo jókòó. A wò ó tán. Nígbà tí o gbé ẹ̀rọ náà padà fún opó yẹn, Alhaja Mọ̀nsúrát dìde, ó ń fi ìborùn nu ojú, ó ní, "Ó dá a padà! Ẹ rí i, ó dá a padà!" O ò ní mọ̀ pé òun ló ń ṣépè fún ọ láàárọ̀. Ó ní bí o bá délé, kí o fo ọgbà wa lẹ́ẹ̀kan kí òun fi ojú ara òun rí i.

Alhaji Salahudeen wá ní, "Ta ni kò mọ̀ pé ọmọ yín ni? Iwájú orí yín ló wà lórí ọmọ náà láti ọjọ́ tí mo ti kọ́kọ́ fi hàn yín." Ó ní òun mọ̀ pé fíìmù ni, òun kì í ṣe òpè. Ó ní nígbà tí èmi àti Mọ́gàjí dé Ẹdẹ tí à ń rìn lágbedeméjì ni ẹ̀rù tó ba òun, nítorí ẹni tó bá lè sẹ́ ọmọ rẹ̀ nítorí ìtìjú, yóò sẹ́ àna rẹ̀ náà bó bá dọ̀la. Ojú tì mí. Mọ́gàjí sì ń mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni, bí ẹni pé kì í ṣe òun ló dá a lábàá. Wọ́n fi yìgì sí lẹ́yìn ìtúnu ààwẹ̀. Lateefat ti jẹun. Ìyá rẹ náà ti ń bá mi sọ̀rọ̀, ó sì ti ń sọ ọ́ jù.

Nígbà tí wọ́n lọ tán ni mo ka lẹ́tà rẹ dópin. Mo ka ti máńgòrò, mo ka ti bàtà. Ọmọ yìí, o ò ṣe mí dáadáa. Èmi tí n kò sunkún níbi òkú bàbá mi, mo wọ yàrá, mo tilẹ̀kùn. Àmì ohùn rẹ̀ pé, n ò rí àṣìṣe kan. Ìyá rẹ ti fi í dáná, ó ní òun ò fẹ́ kí irú ìwé bẹ́ẹ̀ sùn nínú ilé.

Wọ aṣọ tó nípọn. Sọ fún Àmírà pé bó bá tún fẹ́ fi ọ́ ṣe fíìmù, ẹ̀wù òtútù ni kí olè náà wọ̀.

Kọ lẹ́tà mìíràn sí mi, kí o sì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ bó ṣe yẹ kí ọmọ bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà sí bàbá rẹ̀.

Èmi ni bàbá rẹ,
Ràsákì Ọdúnlámì.


Brampton.
12 Oṣù Ṣẹ́rẹ́, 2025.

Bàbá mi, Bàbá mi, Bàbá mi,

Mo dọ̀bálẹ̀. Ilẹ̀ yàrá abẹ́ ilé tí mò ń gbé yìí tutù, sà, ṣùgbọ́n n kò tíì dìde.

Májíìdì ọmọ yín.